Mo ti dín oúnjẹ kù, òṣùwọ̀n ò mì: kí ni mò ń jẹ tí mi ò kà sóúnjẹ?

Olùkọ́_Kábà (Ọjọ́ Ẹtì, 8:12 alẹ́)

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ó ti ń sú mi.

Ọmọ ọdún 41 ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe níbí ní Kábà. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, wọ́n ní ó ti ń gòkè. Dókítà fún mi lóògùn, ó sì ní kí n wá nǹkan ṣe sí sísanra mi. Kílò 94 ni mo wọ̀n lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀bà. Iyán, àfi ọjọ́ Ìsinmi. Tó bá ti lu aago méje alẹ́, mi ò fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ síléèwé, mi ò gun ọ̀kadà mọ́. Oṣù kẹta ti ń parí lọ báyìí, kílò 93 ààbọ̀ ni mo wà láàárọ̀ yìí.

Ohun tí mo jẹ lánàá nìyí, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Láàárọ̀, mo mu ògì, mo da mílíìkì ìdajì agolo kékeré sí i, mo fi oyin ṣíbí ńlá méjì sí i dípò ṣúgà, mo fi àkàrà mẹ́rin sin ín. Nígbà ìsinmi ọmọ iléèwé, mo jẹ ẹ̀pà sísun ẹ̀kúnwọ́ méjì, mo mu sóbò ike kan. Lọ́sàn-án, ẹ̀wà pẹ̀lú dòdò díẹ̀. Nígbà tí mo délé, àbúrò mi ti kó kajú sísun wá láti oko, mo jókòó, mo jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Lálẹ́, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹja, láìsí òkèlè kankan.

Níbo ni ìsanra fẹ́ gbà wọlé níbẹ̀? Ẹnì kan níléèwé wa sọ pé ara àjogúnbá ni, pé kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Ó dùn mí, torí màmá mi sanra, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì ṣe é kó tó di olóògbé.

Ọmọ_Ìyàgbà (Ọjọ́ Ẹtì, 8:40 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Iyán ọjọ́ Ìsinmi yẹn ni ẹ fi sílẹ̀ pátápátá, òun ló ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Tíì kan tún wà tí wọ́n ń tà báyìí tó ń fọ ikùn mọ́, èmi náà ń mu ún. Tí ẹ bá fẹ́, mo lè ju nọ́ńbà ẹni tó ń tà á sí yín.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, 10:05 alẹ́)

Àǹtí Olùkọ́, ẹ ṣeun tí ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àjogúnbá dẹ́rù bà yín. Bí wọ́n ṣe bíni lè jẹ́ kí ara tètè sanra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ohun tí ẹ kọ yìí hàn kedere, ó sì ṣeé tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ. Èyí tí ara ò bá lò, ó máa ń kó o pamọ́ bí ọ̀rá. Gíráàmù kan ṣúgà tàbí sítáàṣì, kálórì 4 ló ní. Amúaradàgbà náà, 4. Èyí tó ń pani nínú ọtí, 7. Ọ̀rá, òróró àti epo, 9. Ìyẹn ni pé epo fi ìlọ́po méjì lé díẹ̀ ju sítáàṣì lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ omi. Oúnjẹ tí omi bá pọ̀ nínú ẹ̀ máa ń kún ikùn, síbẹ̀ kálórì rẹ̀ ò ní pọ̀. Èyí tó bá gbẹ, tó sì lọ́ràá, ìba díẹ̀ ló ń kún ọwọ́, ẹrù tó gbé sì wúwo.

Ẹ wá fi wé ara wọn. Iṣu bíbọ̀ gíráàmù 100, kálórì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 120. Iyán náà kò jìnnà sí i, torí iṣu kan náà ni. Ẹ̀pà gíráàmù 100, ó lé ní 560. Kajú, nǹkan bí 550. Ẹ̀gúsí tí a ti bó, òun náà lé ní 550, torí nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ òróró. Epo pupa tàbí òróró ṣíbí ìjẹun ńlá kan ṣoṣo, 120. Ẹ kíyè sí i: ṣíbí epo kan àti iṣu bíbọ̀ gíráàmù 100, ọgbọọgba ni wọ́n.

Tí a bá ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà yín jẹ́ gíráàmù 30, méjì rẹ̀ jẹ́ kálórì 340. Kajú tí ẹ jókòó jẹ, ká ní gíráàmù 40, 220 nìyẹn. Oyin ṣíbí ńlá méjì, nǹkan bí 128. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ sí 690. Ẹ óò jẹ iyán tó wọ̀n ju ààbọ̀ kílò lọ kí ẹ tó rí 690 nínú rẹ̀. Iyán lẹ fi sílẹ̀ látọjọ́ Ajé dé Sátidé, ẹ sì ń jẹ iye kálórì rẹ̀ lójoojúmọ́ láìfọ ọwọ́.

Nípa oyin: ó dùn, ó sì dára, àmọ́ ṣúgà ni ara ń kà á sí. Ṣíbí ńlá kan rẹ̀ tó ṣúgà onígun mẹ́rin bíi mẹ́rin.

Ẹ má tíì yí nǹkan kan padà. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ máa wọn epo àti ẹ̀pà kí ẹ tó lò ó, ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá padà wá sọ ohun tí ẹ rí.

Àbúrò mi Ọmọ_Ìyàgbà, jọ̀ọ́, fi tíì yẹn sílẹ̀. Púpọ̀ nínú irú wọn, ewé ayàgbẹ́ ló wà níbẹ̀. Omi ara lo ń yà dànù, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ò gbọdọ̀ fi ara ẹ̀ wéwu bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀_Lọ́kọ́jà (Sátidé, 6:20 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ yìí bá mi lára mu, mo ní láti sọ tèmi.

Lọ́kọ́jà sí Kábà ni mò ń ná, mo máa ń gba Ọbájáná kọjá. Oòrùn ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe kékeré. Tí mo bá ti já èrò, mọ́ọ̀tì tútù ni. Tí mo bá tún kó òmíràn, mọ́ọ̀tì ni. Mo máa ń mu tó mẹ́ta lójúmọ́, mo sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fún mi. Oúnjẹ tí mò ń jẹ, ẹ̀ẹ̀mejì péré lójúmọ́ ni, àmọ́ ṣòkòtò ò wọ̀ mí mọ́.

Ọmọ mi tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ka ara ìgò sí mi létí. Ó ní, “Dádì, wọ́n ní kálórì 55 ló wà nínú mìlílítà 100.” Mo ní ìyẹn ò pọ̀. Ó ní, “Ẹ wo bí ìgò ṣe tóbi tó, 330 ni, kì í ṣe 100.” A ṣe ìsirò: ó lé ní 180 fún ìgò kan. Ìgò mẹ́ta, nǹkan bí 540, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo sọ pé mo jẹun nígbà tí mò ń mu ún. Ẹyin náà, ẹ máa wo ara ìgò. 100 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i, gbogbo ìgò la sì ń mu. Ẹlẹ́rìndòdò ike 50cl náà, púpọ̀ nínú wọn ló ń ní nǹkan bí 200.

Omi ni mò ń mu báyìí. Mo gbé jálá omi dídì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà. Mọ́ọ̀tì, ẹyọ kan lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Oṣù mẹ́rin, kílò 6 ti lọ, mi ò sì dín iyán mi.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni gaàrí mímu. Mo máa ń sọ pé mi ò jẹun lọ́sàn-án, pé gaàrí lásán ni mo mu. Gaàrí gbígbẹ gíráàmù 100 ń lọ sí kálórì 360. Fi ṣúgà márùn-ún sí i, fi ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ó ti lé ní 600. Oúnjẹ gidi ni, ó yẹ ká pè é lóúnjẹ.

Màmá_Ayétòrò (Sátidé, 9:31 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọdún 68 ni mí, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ́ ni mo wà. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe sùúrù pẹ̀lú oúnjẹ ilé wa. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, ẹ̀gúsí ló fi tọ́ wa. Epo pupa ò wọ́n nílé wa láéláé. Ó jẹ iyán títí ó fi di arúgbó, ara rẹ̀ sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Tí ẹ bá ní ẹ̀gúsí ni ọ̀tá, mi ò ní gbà.

Ṣùgbọ́n màá sọ òtítọ́. Ìyá mi máa ń jí rìn lọ sí oko kí oòrùn tó yọ, á ru igi bọ̀, á pọn omi, á gún iyán fún èèyàn mẹ́wàá. Ọwọ́ ló fi ń bó ẹ̀gúsí, hóró kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ̀gúsí tó ń wọ ìkòkò kì í pọ̀. Ẹ̀yin ń ra bíbó nínú ọ̀rá lọ́jà, ẹ ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ, ẹ da ife mẹ́ta sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan. Epo náà, ẹ ò fi ṣíbí bù ú, ẹ ń da á láti inú kẹ́ẹ̀gì ni.

Olùkọ́, ọmọ mi, gbọ́ bí màmá mi ṣe ń sè é. Má yọ epo kaná rárá. Omi ẹran tàbí omi ẹja ni kó o gbé kaná pẹ̀lú ata àti irú. Fi omi díẹ̀ po ẹ̀gúsí lílọ̀, kó ki. Tó bá ti hó, fi ọwọ́ ju ú sínú ẹ̀ ní kókó kéékèèké. Má rò ó. Dé e, dín iná kù, máa ṣe iṣẹ́ mìíràn. Tó o bá ṣí i lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, wàá rí òróró tó là sójú ọbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti ẹ̀gúsí ni òróró yẹn. Kí ló dé tó o fẹ́ tún da ti kẹ́ẹ̀gì lé e lórí? Tó o bá fẹ́ kó pọ́n, ṣíbí epo kan tàbí méjì ti tó. Kó o wá kó ewúro tó o ti fọ̀ tàbí ṣọkọ sí i, kó pọ̀ ju ẹ̀gúsí lọ.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀ (Sátidé, 1:15 ọ̀sán)

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ohun tí ẹ sọ yìí ló yẹ ká máa kọ́ àwọn aláìsàn. Ẹ̀gúsí kì í ṣe ọ̀tá. Amúaradàgbà wà nínú rẹ̀, ó dára fún ara. Ìwọ̀n la ń sọ.

Àgbẹ̀_Mọpá (Sátidé, 7:48 alẹ́)

Mo ní oko kajú díẹ̀ ní ìhà Mọpá, mo sì ń sun ún tà. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú nígbà tí mo rí i tí wọ́n ń ka kajú mọ́ ohun tó ń múni sanra, torí òun la fi ń sanwó iléèwé ọmọ ní gbogbo agbègbè wa yìí. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé kò sẹ́ni tó ní ká má jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Hóró kajú kan ò ju nǹkan bíi gíráàmù kan ààbọ̀ lọ. Méjìdínlógún nínú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kálórì 160. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbé abọ́ kajú sórí ẹsẹ̀ tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kò ní mọ ìgbà tó jẹ àádọ́ta. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà mi: wọ́n á ní àwọn fẹ́ tọ́ ọ wò, àpò á ti dé ìdajì. Èmi fúnra mi, mo máa ń ka ogún sọ́wọ́, màá so ẹnu àpò, màá gbé e padà sórí àjà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Tí n bá fẹ́ òmíràn, mo gbọ́dọ̀ dìde. Dídìde yẹn ló ń gbà mí.

Èso rẹ̀ tó rọ̀, èyí pupa àti èyí yẹ́lò tí a máa ń jẹ́ kó jẹrà sídìí igi, omi ló kún inú ẹ̀. Gíráàmù 100 rẹ̀ ò tó kálórì 60. Àsìkò rẹ̀ la wà yìí. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ tó bá ń ha yín lọ́fun.

Mo bẹ̀ yín, kẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n sun má sun kajú nínú ilé ìdáná. Oje tó wà lára èèpo rẹ̀ ń bó ni lára, èéfín rẹ̀ náà ò dára fún ojú.

Olùkọ́_Kábà (Ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀sẹ̀ kejì, 4:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣe bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Mo yá òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́ aládùúgbò wa tó ń ṣe kéèkì. Ohun tí mo rí lánàá ni mi ò lè pa mọ́ra.

Ọbẹ̀ Sátidé ni mo fẹ́ sè. Mi ò tíì dáná. Mo gbé ìkòkò òfìfo sílẹ̀, mo ṣí kẹ́ẹ̀gì epo, mo ní kí ọwọ́ mi ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Mo da á títí epo fi bo gbogbo ìdí ìkòkò, ibi tí ojú mi máa ń dé nìyẹn kí n tó dáwọ́ dúró. Mo wá mú ṣíbí ìjẹun ńlá, mo ń bù ú padà sínú abọ́. Ọmọbìnrin mi dúró tì mí, ó ń kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Mo rò pé á dúró ní márùn-ún. Ó ka mẹ́fà, ó ka mẹ́jọ. Mọ́kànlá ló pé, èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ò sì ṣeé bù. Ọmọ mi gbé ojú sókè wò mí, kò sọ̀rọ̀.

Ṣíbí mọ́kànlá, kálórì 1,320. Ẹ̀gúsí lílọ̀ ife méjì tí mo máa ń lò, mo wọ̀n ọ́n, gíráàmù 210, ìyẹn náà lé ní 1,150. Ìkòkò yẹn, àwo mẹ́fà ló ń mú wá. Ó túmọ̀ sí pé àwo ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti gbé kálórì 400 kí ẹja àti ẹran tó dé ibẹ̀. Látìgbà tí mo sì ti fi òkèlè sílẹ̀, àwo méjì ni mò ń jẹ lálẹ́ kí n lè yó. 800 rèé! Mo jókòó sórí àpótí ìdáná, mo rántí gbogbo alẹ́ tí mo ti fi ọbẹ̀ nìkan sùn, tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo kó ara mi níjàánu.

Ẹ̀pà mi náà, ẹ̀kúnwọ́ kan jẹ́ gíráàmù 41, kì í ṣe 30. Ìyá tó ń ta sóbò níléèwé wa, mo bi í. Ó ní ṣúgà kílò kan ló ń lọ sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́wàá. Tí a bá pín in, ike 50cl mi gba gíráàmù 50. Kálórì 200, omi pupa lásán ni mo pè é.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀ (Ọjọ́ Ìsinmi, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Àǹtí, ẹ nu ojú yín. Ẹ ò ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ yí sí. Tí ẹ bá fi iyán kékeré, gíráàmù 200, jẹ àwo ọbẹ̀ kan tí a sè bí Màmá Ayétòrò ṣe wí, iyán jẹ́ 240, ọbẹ̀ náà á bọ́ sí nǹkan bíi 250. Kò tó 500, iyán sì wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ sì kún un. Ó fi 300 dín sí ọbẹ̀ àwo méjì tí ẹ ń jẹ láìsí òkèlè. Ẹ dá iyán yín padà. Ẹ ṣáà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí ojú yín lè mọ bí 200 ṣe rí.

Ẹ sọ àkàrà di ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí a fi ewé sè, ẹ̀wà kan náà ni, kẹ́ ẹ má ṣáà da òróró kún inú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, bíbọ̀ tàbí sísun dára ju dòdò lọ, torí dídín lè sọ kálórì rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹ̀pà, gíráàmù 25 lójúmọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rọ́pò kajú, kì í ṣe kó kún un. Sóbò, ẹ sè é nílé pẹ̀lú atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀yìnbó díẹ̀, láìsí ṣúgà.

Kílò ọ̀rá ara kan jẹ́ nǹkan bíi kálórì 7,700. Ẹni tó bá ń yọ 500 kúrò lójúmọ́, nǹkan bí ààbọ̀ kílò ló máa jò lọ́sẹ̀. Ẹ má retí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì wọn ara yín lójoojúmọ́.

Mo ní láti sọ èyí fún àwọn tó ń kà á láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí tó ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, kó má dín oúnjẹ kù tàbí fo oúnjẹ láìjẹ́ pé ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kó sì dákú. Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, kì í ṣe àsìkò yín nìyí.

Ọmọ_Búnú (Ọjọ́ Ìsinmi, 9:10 alẹ́)

Nílé ẹni, èèyàn lè wọn epo. Ìbéèrè tèmi ni ti òde. Kò sí Sátidé tí a kì í sìnkú tàbí ṣègbéyàwó ní agbègbè wa. Láti Kábà, a ó lọ Ìyàrá, a ó lọ Ìsánlú. Ẹ dé ilé ẹni, wọ́n gbé pọ́fù-pọ́fù àti ṣinṣín síwájú yín, wọ́n gbé ìrẹsì, wọ́n tún gbé iyán dé. Tí ẹ ò bá jẹ ẹ́, wọ́n á ní ẹ ń bínú tàbí pé ẹ̀rù ń bà yín. Mo ti dín kílò 3 kù rí, òde méjì ló dá a padà.

Màmá_Ayétòrò (Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀)

Ọmọ mi, a kì í kọ oúnjẹ olóúnjẹ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kó o jẹ gbogbo ẹ̀. Jẹ iyán, torí òun ni wọ́n fi ọ̀wọ̀ gún fún ọ. Bẹ ẹni tó ń bù ú pé kó bu kékeré, kó o sì dúpẹ́ kíkankíkan. Tó o bá ti gba ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa wo ojú rẹ lórí pọ́fù-pọ́fù àti ṣinṣín. Ìyẹn kì í ṣe àpọ́nlé, ìpanu ni. Ní kí wọ́n di ìrẹsì fún ọ, gbé e lọ fún àwọn ọmọ nílé.

Awakọ̀_Lọ́kọ́jà (Ọjọ́ Ajé, 7:22 àárọ̀)

Òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹ má sì fi ebi lọ òde. Mo máa ń jẹ ẹyin bíbọ̀ méjì kí n tó jáde, kò tó kálórì 160, ó sì ń jẹ́ kí n lè jókòó wo àwo láìsáré. Ọtí ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bíà ìgò ńlá 60cl kan lé ní 250, ẹmu náà kì í ṣe omi, bó bá sì ti wọra, ọwọ́ ò ní ìjánu mọ́ nídìí àsun.

Ọmọ_Ìyàgbà (Ọjọ́rú, 8:55 alẹ́)

Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àǹtí Olùkọ́ fún ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ gbà yín. Mo ti dá tíì yẹn dúró. Kílò 2 tí mo rò pé ó yọ, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi padà, omi ni lóòótọ́. Inú rírun tó ń dà mí láàmú náà ti lọ. Mo ti ra ṣíbí ìwọ̀n fún ìyàwó mi, a sì ti jọ fi epo ilé wa dán an wò. Mẹ́sàn-án ni tiwa.

Olùkọ́_Kábà (Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, 6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú àti ìgbà náà. Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé mi ò ní wá kọ nǹkan kan síbí àfi tí mo bá ní ìròyìn.

Kílò 90 lé díẹ̀ ni mo wà láàárọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò mì púpọ̀, mo fẹ́ sọ̀rètí nù. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti sọ̀ díẹ̀, mo ṣì ń lo oògùn mi bí dókítà ṣe kọ ọ́.

Iyán ti padà sílé wa, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kajú, ogún hóró ni, mo sì ń so ẹnu àpò bí Àgbẹ̀_Mọpá ṣe wí. Ohun tó le jù fún mi ni ẹ̀pà níléèwé, torí gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹ́ nídìí tábìlì kan, ọwọ́ ń bá ọwọ́ lọ. Mo ti ń wọn tèmi nílé báyìí, mo ń dì í sínú ọ̀rá kékeré. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ṣì ń na ọwọ́ sí ti ẹlòmíràn.

Màmá_Ayétòrò (Ọjọ́ Ẹtì, 8:00 alẹ́)

Ọlọ́run ṣeun. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí náà ńkọ́? Ṣó là?

Olùkọ́_Kábà (Ọjọ́ Ẹtì, 8:17 alẹ́)

Ó là, Màmá. Nígbà àkọ́kọ́, mo yára rò ó, ó di omi. Lẹ́ẹ̀kejì mo dé e, mo lọ sá aṣọ, nígbà tí mo fi padà dé, òróró ti yí kókó ẹ̀gúsí kọ̀ọ̀kan ká bí òrùka. Ṣíbí epo méjì ni mo fi sí i. Ọkọ mi bu ú lẹ́ẹ̀kejì, kò sì bi mí pé níbo ni epo wà.